Kí Ẹ Tó Ra Ìrẹsì fún Àwọn Tí Omíyalé Ṣe Lọ́ṣẹ́

Bí ìròyìn omíyalé bá ti balẹ̀ sí Abuja báyìí, ohun àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí máa ń ṣe ni pé wọ́n á dáwó, wọ́n á ra ìrẹsì, wọ́n á kó o sínú ọkọ̀. Ìrẹsì ò burú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì wà tó yẹ kó ṣáájú owó dídá: irú omi wo ló wá, oṣù wo ló sì wá? Láti ìgbà tí mo ti ń bá wọn kó ẹrù ìrànwọ́ kiri Òkè Ọya, ìdáhùn sí méjèèjì yìí ni mo fi ń mọ ohun tó yẹ ká rà, bó ṣe yẹ kó pọ̀ tó, àti ìgbà tó yẹ ká padà lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú mẹ́ta wò. Omi Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger ti 2025, àgbàrá òjò ni. Òru ọjọ́ 28 mọ́jú ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ló dé, ó gbá àdúgbò Tiffin Maza àti Anguwan Hausawa lọ, ó pa èèyàn tó lé ní 200, ọ̀pọ̀ ni wọn ò sì rí òkú wọn. Irú omi yẹn kì í jókòó. Láàárín wákàtí mélòó kan ó ti kó ilé, ìkòkò, ewúrẹ́ àti owó abẹ́ ẹní lọ, ilẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ẹni tó bá yè é lè dáná lọ́jọ́ kẹta, bó bá rí ìkòkò tí yóò gbé ka iná.

Lokoja ti 2022 ò rí bẹ́ẹ̀. Odò Ọya àti odò Benue ló ń ga díẹ̀díẹ̀. Òjò ọdún náà pọ̀, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù sì tún gun orí rẹ̀. Omi náà jókòó sínú ilé onílé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọ̀nà Lokoja sí Abuja dí, tánkà epo há sójú ọ̀nà, àwa tí a jìnnà sí odò náà bẹ̀rẹ̀ sí í tò fún epo l'Abuja. Jákèjádò Nàìjíríà lọ́dún yẹn, èèyàn tó lé ní 600 ló kú, ó sì lé ní mílíọ̀nù 1.4 tó filé sílẹ̀. Níbi tí omi bá ti jókòó báyìí, ilé lè ṣì dúró, ìkòkò lè ṣì wà nínú rẹ̀, àmọ́ ta ni yóò wọlé? Ìrẹsì fàdámà (ilẹ̀ àkùrọ̀ ẹ̀bá odò) tó kù díẹ̀ kí wọ́n kórè rẹ̀ ti jẹrà sínú omi. Maiduguri ti ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 2024 tún jẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀: dáàmù Alau ló ya, omi gba nǹkan bí ìdajì ìlú, títí kan Monday Market. Nígbà tí ọjà ìlú bá ti rì, ẹni tó lówó lápò pàápàá ò ríbi ra oúnjẹ.

Ní ti àgbàrá, ìkòkò, bàtà, ẹní àti oúnjẹ ọjọ́ díẹ̀ ló jẹ wọ́n lógún, kíá ni ẹ sì gbọ́dọ̀ dé. Odò tó kún fẹ́ oúnjẹ oṣù méjì mẹ́ta àti ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e, nítorí náà ẹ má ná gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ọjà ti rì ni kíkó oúnjẹ láti ọ̀nà jíjìn ti mọ́gbọ́n dání jù. Ní gbogbo ibi tí ọjà bá ṣì ń ná, mo fara mọ́ kí ẹ ra oúnjẹ níbẹ̀, tàbí kí ẹ fún àwọn èèyàn lówó. Mokwa fúnra rẹ̀ ìlú ọjà ni, àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Yorùbá ló ń lọ ra oúnjẹ níbẹ̀. Kí ẹ wá san owó ọkọ̀ láti fi gbé ẹ̀wà Abuja lọ sí Mokwa, àfi bí ẹni ń gbé omi lọ fún odò.

Fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn àgbàrá, oúnjẹ tí kò bẹ iná ni kí ẹ kó: búrẹ́dì, dàbínù, kúlíkúlí, ẹ̀pà sísun, bísíkíìtì. Búrẹ́dì tí wọ́n di sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì gbóná kì í pẹ́ bu nínú ooru. Ẹ má rà á l'Abuja. Ilé búrẹ́dì tó súnmọ́ ibẹ̀ ni kí ẹ fowó ránṣẹ́ sí, bíi Bida tàbí Jebba bó bá jẹ́ Mokwa, kí wọ́n máa yan án lójoojúmọ́. Gàárì dára, àwọn ará Òkè Ọya náà ń mu ún, ṣùgbọ́n bí omi tó mọ́ ò bá bá a rìn, ẹ fi sílẹ̀ ná. Indomie ni gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ dá, torí páálí rẹ̀ tóbi lójú, ó sì ń dára nínú fọ́tò. Páálí tó ní 40, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 70, kò pé kílò 3. Agbára tó wà nínú rẹ̀ ò ju oúnjẹ òòjọ́ ẹni 6 lọ, ó sì tún fẹ́ iná àti omi.

Omi gan-an ńkọ́? Àpò píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ 20, ìyẹn lítà 10. Bí ẹnì kan bá ń mu lítà 3 lójúmọ́, ilé ẹni 5 á mu àpò kan àtààbọ̀. Tí a bá fi sísè, wíwẹ̀ àti fífọ nǹkan kún un, ìlànà Sphere tí àwọn aṣèrànwọ́ ń tẹ̀ lé káàkiri ayé ní lítà 15 ni ó kéré jù fún ẹnì kan lójúmọ́. Fún 500 èèyàn, lítà 7,500 nìyẹn, àpò píọ̀ wọ́tà 750 lójoojúmọ́. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè rà á fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fi píọ̀ wọ́tà gba ọjọ́ díẹ̀ kọjá, kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú omi tó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Omi tó bá dọ̀tí, ẹ kọ́kọ́ fi álọ́ọ̀mù sí i kó tòrò, ẹ dà á gba inú aṣọ tó mọ́. Lẹ́yìn náà ni kẹ́míkà. Bí ẹ bá ń lo omi bílíìsì tí kò ní òórùn dídùn, tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, ṣíbí ìmutíì kan, ìyẹn mílílítà 5, ló tó kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ dé e, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Ó yẹ kó máa run bílíìsì fẹ́ẹ́rẹ́. Bí kò bá run rárá, ìdọ̀tí inú rẹ̀ ti jẹ kẹ́míkà náà tán, ẹ tún fi ṣíbí kan sí i, kí ẹ sì tún dúró. Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbí ni pé àwọn èèyàn ń dà á sínú omi tó ṣì rí pọ́tọ́pọ́tọ́, kẹ́míkà á bá ẹrẹ̀ jà, kòkòrò á sì wà níbẹ̀ láìfarapa. Ibi tí onígbáméjì ti ń wọlé nìyẹn. Kí ẹ tó rí ORS alápò, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń pò sómi fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ po lítà omi tó mọ́ kan, ṣíbí ìmutíì súgà 6 tí a fọwọ́ tẹ́jú, àti ìdajì ṣíbí iyọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iyọ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dà bí omi ìrẹsì, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe orí ẹní.

Kànga tí omíyalé wọ̀, ẹ má kánjú gbẹ́ omi inú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣì kún fún omi, tí ẹ bá fi ẹ̀rọ fa inú kànga gbẹ, omi tó wà lẹ́yìn ògiri rẹ̀ á ti ògiri wọlé. Ẹ dúró kí omi inú kànga padà sí ibi tó máa ń wà. Ẹ wá fa á, ẹ kó ẹrẹ̀ kúrò, ẹ fọ ògiri, ẹ jẹ́ kó tún sun. Fún lítà 1,000 omi, kẹ́míkà HTH (kúlọ́ọ̀rì oníyẹ̀fun) tó jẹ́ 65 sí 70% máa gba nǹkan bíi gíráàmù 75. Kànga tó fẹ̀ ní mítà kan, tí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà 3, ní bíi lítà 2,350 nínú, gíráàmù 175 ló tó o. Inú báàkẹ́ẹ̀tì omi ni kí ẹ ti pò ó, lẹ́yìn náà kí ẹ dà á yí ògiri ká. Ẹ tì í fún wákàtí 24, kí ẹ fa omi náà dànù títí òórùn rẹ̀ á fi lọ. Ẹni tó ń po HTH gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, kó sì bo imú. Ẹ má ṣe pò ó nínú yàrá. Bí ṣáláńgá bá wà ní ìtòsí tí kò tó mítà 30, ẹ kàn ń fi kẹ́míkà ṣòfò ni.

Láti nǹkan bí ọjọ́ kẹta, ilé ìdáná àpapọ̀ ló dára jù, títí àwọn èèyàn á fi ní ìkòkò tiwọn. Fún 300 èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gíráàmù 150 ìrẹsì tí a ò tíì sè ni mo máa ń kà fún ẹnì kan. Kílò 45 nìyẹn, àpò kílò 50 kan ṣẹ́ku díẹ̀. Ó máa wú dé ìlọ́po méjì àtààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ìkòkò lítà 60 mẹ́ta ni. Ẹ má há a mọ́ méjì: ìsàlẹ̀ á jóná, òkè á ní kókó. Omi sísè nìkan tó lítà 90. Bí ẹ bá fi ti fífọ ìrẹsì, fífọ ìkòkò àti fífọwọ́ kún un, ẹ ní lítà 300 nílẹ̀ kí ẹ tó ṣáná. Igi ìdáná tó wà lágbègbè náà ti mu omi, èéfín rẹ̀ á fọ́ ojú alásè, ìrẹsì á sì gba wákàtí mẹ́ta. Ẹ gbé èédú tàbí gáàsì lọ pẹ̀lú oúnjẹ. Mo ti wá ka iná mọ́ oúnjẹ. Àpò ẹ̀wà tí kò ní iná tí yóò sè é kò tíì di oúnjẹ.

Àwọn obìnrin ibẹ̀ ni kí wọ́n sè é, kí ẹ sì sanwó fún wọn. Wọ́n mọ iye ata tí ọmọdé wọn lè jẹ, wọ́n mọ̀ bóyá túwó ni àwọn àgbà ń fẹ́ dípò jọ̀lọ́ọ̀fù. Ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà ni kí ẹ kó. Tòmátì tútù á jẹrà lọ́nà. Ní ti ẹran, ẹ jẹ́ kí àwọn ará ìlú pa á fúnra wọn kó lè jẹ́ halal, tàbí kí ẹ lo ẹja gbígbẹ kí ọ̀rọ̀ má baà pọ̀. Oúnjẹ tí a sè gbọ́dọ̀ tán láàárín wákàtí méjì. Ìrẹsì tí wọ́n sè ní aago 11 òwúrọ̀, tí wọ́n ṣì ń pín ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ nítorí pé ẹni ńlá kan tó fẹ́ wá yàwòrán pẹ́ dé, òun ló máa ń da inú àwọn ọmọ rú. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Bacillus cereus máa ń wà nínú ìrẹsì, hóró rẹ̀ kì í kú nínú omi híhó; bí oúnjẹ bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, á jí, á tú májèlé sínú rẹ̀, gbígbé e ka iná lẹ́ẹ̀kejì ò sì lè pa májèlé náà.

Lẹ́yìn ilé ìdáná ni oúnjẹ gbígbẹ tí olúkúlùkù máa gbé relé. Ibí yìí ni ìṣirò ti máa ń daṣẹ́ rú. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Nínú ìpàdé, gbogbo èèyàn á ní “àpò kan fún ilé kan”. Àpò kan máa tó wọn fún ọjọ́ mélòó? Ìwọ̀n tí a ń lò ni 2,100 kálórì fún ẹnì kan lójúmọ́. Gíráàmù 400 ìrẹsì tàbí ìyẹ̀fun àgbàdo fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un ní 1,440. Gíráàmù 80 ẹ̀wà á fi bíi 270 kún un. Gíráàmù 35 òróró, 310. Ìwọ̀nba ẹ̀pà, gíráàmù 15, á dí ìyókù. Nítorí pé ìrẹsì tún máa ń wá ní àpò kílò 25, mo máa ń fi àpò yẹn ṣe ìdí ẹrù: ìrẹsì kílò 25, ẹ̀wà kílò 5, òróró lítà 2 àtààbọ̀, ẹ̀pà kílò kan, iyọ̀ gíráàmù 300. Ẹrù yìí tó ilé ẹni 5 fún ọjọ́ 12 àtààbọ̀. Ẹ má padà wá lọ́jọ́ 15 nígbà náà. Ọjọ́ 12 ni. Ilé ẹni 10 á gba méjì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn kílò 34, èyí já sí pé kántà tó ń gbé tọ́ọ̀nù 3 ò lè kó ju ti ilé 88 lọ. Ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó ṣèlérí fún 300 ilé.

Bí ẹ bá ń ra ọkà lọ́jà, ẹ gbé òṣùwọ̀n onírin tó ń wọn dé kílò 50 dání. Múdù (kóńgò) ò jọra. Ẹ yí ọ̀kan padà, ẹ wo ìdí rẹ̀: òmíràn, òòlù ti gbá a wọ inú, ìdí náà á yọ ikùn sókè bí ìdí ìgò ọtí. Ẹni tó bá ra 200 múdù irú èyí ti pàdánù púpọ̀ láìmọ̀. Ẹ yẹ ẹ̀wà wò náà: bí òórùn kẹ́míkà kan bá gbá yín nímú nígbà tí ẹ tú ẹnu àpò, ẹ fi sílẹ̀. NAFDAC ti ń pariwo tipẹ́ nípa àwọn tó ń fi dichlorvos, oògùn apẹ̀fọn, sí ẹ̀wà kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Àpò PICS onípele mẹ́ta ń ṣe iṣẹ́ yẹn láìní oògùn kankan nínú, àwọn àgbẹ̀ Òkè Ọya sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Àgbàdo wóró ńkọ́? Ẹ rántí pé ẹ̀rọ ọlọ náà ti wọ omi. Ìyẹ̀fun ni kí ẹ gbé, tàbí kí ẹ fowó tún ẹ̀rọ ọlọ́lọ̀ kan ṣe, èyí tó dára jù nítorí pé ẹ ti dá iṣẹ́ ẹnì kan padà.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ orúkọ, ẹ ka ìkòkò, ẹ má ka ilé. Agbo ilé Nupe tàbí Hausa kan lè ní ìyàwó mẹ́ta, ààrò mẹ́ta, ọmọ 14. Bí ẹ bá kọ orúkọ baálé nìkan, ẹrù kan ni gbogbo wọn máa pín. Obìnrin tó bá wà ní kulle (ẹ̀hà) kò ní jáde wá tò sẹ́yìn ọkùnrin. Opó tí ọkọ rẹ̀ bá omi lọ kò tilẹ̀ ní sí nínú ìwé. Àwọn obìnrin méjì tó gbọ́ èdè ibẹ̀ ni kí ẹ rán wọlé, kí wọ́n ka ààrò láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú Mai Anguwa (olórí àdúgbò) tàbí ẹni tó bá rán. Káàdì tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ ni kí wọ́n fún obìnrin tó ni ààrò kọ̀ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé kan ṣoṣo. Ìwé méjì lọ́wọ́ ẹni méjì, orúkọ á di ìlọ́po méjì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ní ọjọ́ pínpín, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ fi okùn ya ọ̀nà ìwọlé sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà àbájáde, ẹ wá ọmọlanke fún àwọn àgbà nítorí kílò 34 kì í ṣe ẹrù arúgbó. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sán, ẹ má dábàá rẹ̀.

Ọmọ ọwọ́ ò sí nínú gbogbo ìṣirò tó wà lókè yìí. Ẹ má gbé wàrà oníyẹ̀fun lọ pín. Mo mọ̀ pé àánú ló ń mú kí àwọn èèyàn rà á, ṣùgbọ́n níbi tí omi ò ti mọ́, tí kò sí iná láti se ìgò ìfúnlọ́mú, wàrà yẹn ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ìyá ni kí ẹ bọ́: ẹ fi ẹrù ẹ̀pà àti ẹ̀wà kún ti aboyún àti abiyamọ. Fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, ẹ ṣe Tom Brown, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀kọ ọmọdé: ìwọ̀n 6 jéró tàbí àgbàdo, 3 ẹ̀wà sóyà, 1 ẹ̀pà, kí ẹ yan ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀. Sóyà gbọ́dọ̀ yan dáadáa títí á fi pọ́n, torí tútù rẹ̀ ń dí oúnjẹ lọ́wọ́ láti dà nínú ikùn ọmọ. Ẹ ní tépù tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ. Ọmọ oṣù 6 sí 59 tí apá rẹ̀ bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà 11.5 kò nílò Tom Brown mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ọkà tí omi wọ̀ máa ń fa àríyànjiyàn. Onílé á sá a sóòrùn, á ní ó ti gbẹ. Kì í ṣe omi nìkan ló wọ̀ ọ́, omi ṣáláńgá wà níbẹ̀, òkú ẹran wà níbẹ̀. Àárín àpò tí ojú rẹ̀ dà bí gbígbẹ ti máa ń dì pọ̀, èyí tó ti dì pọ̀ sì ti ń bu. Bí ẹ bá ní kó dà á nù láìfún un ní òmíràn, á dúró kí ẹ lọ tán ni. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ fún un, àpò fún àpò, kí ẹ sì sin èyí tó bàjẹ́. Agolo tí kò jò ni ó ṣeé gbà là: ẹ ya bébà ara rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ rì í sínú omi bílíìsì.

Ní ti oko, oṣù ló ń pàṣẹ. Omi tó wá ní ìparí oṣù Karùn-ún bá àgbẹ̀ Mokwa nígbà tí irúgbìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlẹ̀. Àyè ṣì wà láti tún gbìn, bí irúgbìn bá dé kí oṣù Keje tó tán. Àgbàdo olọ́jọ́ 90, ẹ̀wà olọ́jọ́ 60 sí 70 láti ilé iṣẹ́ ìwádìí IAR ní Samaru, Zaria, ìrẹsì FARO 44 tó ń gbó ní nǹkan bíi 110 sí 120 ọjọ́. NCRI, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn ní Badeggi, lẹ́bàá Bida, ni kí ẹ ti bèèrè lórí ìrẹsì. Kílò 10 sí 12 àgbàdo ló tó ìdajì hẹ́kítà. Omi tó wá ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, àgbàdo ti pẹ́ jù fún un. Ẹ má gbé e wá. Bí omi bá ṣe ń fà sẹ́yìn ní fàdámà, ilẹ̀ tútù náà ń dúró de àlùbọ́sà, ẹ̀fọ́, bàrà olómi. Ní Borno, ọkà bàbà masakwa ni wọ́n ń lọ́ sí ilẹ̀ dúdú tó mu omi, láìní òjò kankan mọ́, wọ́n á sì kórè rẹ̀ nínú ọyẹ́.

Ọjọ́ kan náà ni kí oúnjẹ àti irúgbìn dé. Bí irúgbìn bá ṣáájú, wọn á sè é jẹ, ẹnikẹ́ni tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀ á ṣe bẹ́ẹ̀. Ewu sì wà níbẹ̀: irúgbìn tí wọ́n fọwọ́ sí máa ń ní àwọ̀ pupa tàbí búlúù lára, oògùn kòkòrò ni, omi fífọ̀ kì í sì kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Kí ẹ sọ ọ́ ní Hausa àti Nupe, lẹ́nu, kì í ṣe kí ẹ kọ ọ́ sára àpò.

Ilé kíkọ́ wá ni èyí tí owó ẹgbẹ́ kì í tó, nítorí náà ohun kékeré tó ń gba ilé là ni kí ẹ mú. Ilé amọ̀ kì í sábà wó láti òkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni omi ń jẹ. Bí òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì bá gbé ògiri sókè dé sẹ̀ǹtímítà 60 sí ilẹ̀, amọ̀ tó wà lókè rẹ̀ lè dúró pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni owó búlọ́ọ̀kù ilé kan á ṣe tó ẹsẹ̀ ilé mẹ́rin. Fún amọ̀ òkè náà, hẹ́ẹ̀dì-páànù sìmẹ́ńtì 1 sí ilẹ̀ pupa 15, ilẹ̀ abẹ́, kì í ṣe ilẹ̀ dúdú tí koríko ti hù lórí rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá omi rẹ̀ tó, ẹ fún un pọ̀ lọ́wọ́ bí àkàrà, ẹ jẹ́ kó bọ́ láti ìbàdí sórí ilẹ̀ líle. Bó bá fọ́ sí bíi mẹ́rin márùn-ún, ó tó. Bó bá tú ká bí ìyẹ̀fun, omi kù. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ti pọ̀ jù. Ẹ fi ọ̀rá bo búlọ́ọ̀kù amọ̀ náà fún ọjọ́ méje ó kéré tán, kí oòrùn má gba omi ara rẹ̀.

Iyanrìn tí omíyalé kó wá sójú títì máa ń wu bíríkìlà torí pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹ dà á sínú ìgò dé ìdajì, ẹ bu omi sí i, ẹ mì í, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹrẹ̀ máa jókòó sórí iyanrìn bí ìpele ọ̀tọ̀. Bó bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ẹ fọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ gbàgbé rẹ̀, nítorí sìmẹ́ńtì kì í di ẹrẹ̀ mú. Búlọ́ọ̀kù tí ẹ bá sì fẹ́ rà, ẹ fi èékánná ha igun rẹ̀. Bí iyanrìn bá ń dà sílẹ̀, ẹni tó ṣe é ti yọ èyí tó pọ̀ jù nínú àpò sìmẹ́ńtì kan. Ẹ gbé méjì mẹ́ta sókè dé àyà, ẹ jù ú sílẹ̀. Mi ò ní ra ti ẹni tó bá kọ̀ kí n dán an wò. Bíríkìlà àti káfíńtà ìlú náà ni kí ẹ gbà ṣiṣẹ́, àwọn tí ilé tiwọn náà wó, owó ojoojúmọ́ ni kí ẹ sì máa san, torí ẹni tó ń kọ́lé kò ní àyè láti wá oúnjẹ.

Kí ẹ tó fi ìpìlẹ̀ kan lélẹ̀, ẹ rìn tọ ipa omi náà láti òkè. Ní Mokwa, ojú irin ń gba inú ìlú kọjá, omi sì gbára jọ sẹ́yìn òkìtì rẹ̀ kó tó já. Bí kọ́fáàtì abẹ́ ojú irin tàbí abẹ́ títì bá dí fún igi àti ọ̀rá, kò sí ẹsẹ̀ ilé sẹ̀ǹtímítà 60 tó máa gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ yọ lára owó náà ra ṣọ́bìrì, wílíbárò àti bàtà rọ́bà, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò láti kó gbogbo kọ́fáàtì náà mọ́, kí òjò oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án tó wọlé.